Àrọ̀ nínú páálọ̀: bẹ́ ẹ ṣe lè sìn ín nínú táńkì gíláàsì láìsọ ọ́ di ọbẹ̀

Gbogbo àlejò tó bá wọ páálọ̀ mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, wọn ò tiẹ̀ ní tíì mu omi tán: "Ìgbà wo lẹ máa sè é?" Mi ò kí ń bínú mọ́. Ẹja àrọ̀ ni, ó gùn tó apá mi látèjìká dé orí ìka, ìsàlẹ̀ táńkì gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló máa ń dùbúlẹ̀ sí látàárọ̀ dalẹ́, orí pẹlẹbẹ bíi ṣọ́bìrì, irùngbọ̀n mẹ́jọ tó nà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Alága là ń pè é, torí bí gbogbo ilé ṣe lè máa pariwo tó, ojú kan ló máa jókòó sí tí kò ní mira, àfi bíi alága òde. Ó ti ń lọ sí ọdún kẹfà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà ilé ọtí dáadáa, ẹ mọ̀ pé àrọ̀ tó bá pé ọdún kan láyé yìí ti gbìyànjú, point-and-kill ló sábà máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn tó ń béèrè bí mo ṣe ń ṣe é ti wá pọ̀, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àrọ̀ kì í tètè kú, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ẹ̀ wà. Ẹja míì tẹ́ ẹ bá fi sínú omi burúkú, kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ó lè ti léfòó, ẹ máa mọ̀ pé ẹ ti ṣàṣìṣe. Àrọ̀ ò ní kìlọ̀ fún yín báyẹn. Lókè ibi pupa tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, ó ní nǹkan kan tó yọ ẹ̀ka-ẹ̀ka bí igi kékeré, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ẹ̀, òun ló fi ń fa atẹ́gùn òkè bí èmi àti ẹ̀yin. Ẹ máa rí i tó máa fò wá sókè, á gbé ẹnu síta, "gbọ́ọ́", á tún padà lọ dùbúlẹ̀. Nínú gọ́tà, nínú ẹrẹ̀, nínú abọ́ ìyá ẹlẹ́ja tí omi inú ẹ̀ ò tó ife méjì, ó ń mí. Ìyẹn làwọn èèyàn ṣe ń rò pé ibikíbi ló bá a lára mu. Irọ́ ni jàre. Pé kò kú ò ní kó jẹ́ pé ara ẹ̀ yá. Omi tó dọ̀tí á máa jó o lára, irùngbọ̀n ẹ̀ á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ látẹnu wálé, awọ ẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, ẹ̀yin á ṣì máa sọ pé "ó mà ń jẹun o." Àrọ̀ á jẹun títí dọjọ́ tó máa kú.

Kí ló dé tí mo fi mú àrọ̀, tí mi ò mú àwọn ẹja òyìnbó? Àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ máa gbé red-tail catfish hàn yín, ọmọ kékeré tó rẹwà gan-an, ẹ̀yìn dúdú, ìrù pupa, tí ò ju ìka lọ. Odò Amazon ni wọ́n ti ń mú un wá, ó sì lè gùn ju mítà kan lọ, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú fláàtì? Èyí tí wọ́n ń pè ní "shark" náà, catfish ni, kì í ṣe ẹja yanyan kankan, odò Mekong lọ́nà Thailand àti Vietnam lohùn-ún ló ti wá, òun náà á gùn ju mítà kan, ẹ̀rù sì máa ń bà á débi pé tẹ́ ẹ bá kàn tanná lójijì ó lè sáré forí gbá gíláàsì. Tẹ́ ẹ bá ní ẹja ilé wa lẹ fẹ́, ọ̀bọ̀kún dáa lójú, àmọ́ inú omi nìkan ló ti ń mí, bí iná bá lọ tí pọ́ńpù dákẹ́, wàhálà dé. Òjíjí ńkọ́? Ẹ fi òjíjí sílẹ̀ o. Iná ara ẹ̀ lè ju 300 volt lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ yín ń tọwọ́ bọ táńkì. Àrọ̀ mọ ooru wa, ó mọ omi wa, bí wọ́n bá mú iná lọ kò ní tìtorí ẹ̀ kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má lọ sọ́jà ẹja. Ẹja abọ́ ti fara gbọgbẹ́, wọ́n ti gbá a lórí, ara ẹ̀ ti bó, àìsàn ló máa gbé wọlé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní hatchery, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja di ọmọ, ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ ní juvenile, ọmọ ẹja tó ti dàgbà díẹ̀, lẹ fẹ́, ẹyọ kan, bí ínṣì 4 sí 6. Wọ́n máa wò yín bákan, ẹyọ kan kẹ̀? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń tà lójúmọ́. Ẹ fara dà á. Ẹ ní kí wọ́n má fún yín ní shooter, ìyẹn àwọn tó ti ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ torí pé wọ́n ti ń gbé àbúrò wọn mì. Ẹ wo irùngbọ̀n ẹ̀, kó pé mẹ́jọ, kí ẹnu ẹ̀ má gé. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ náà: àrọ̀ gidi, Clarias, lẹbẹ kan ṣoṣo ló gùn látẹ̀yìn orí títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ìrù. Tí lẹbẹ yẹn bá dúró lọ́nà, tí ẹran kan tó rọ̀ wá yọ ní tiẹ̀ lẹ́yìn kó tó kan ìrù, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Heterobranchus ni tàbí àdàlù àwọn méjèèjì. Kò sóhun tó ṣe ìyẹn, ó kàn jẹ́ pé òun náà á tóbi dáadáa, kẹ́ ẹ ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ táńkì ló kàn. Àwọn kan máa sọ fún yín pé bí táńkì bá ṣe tó ni ẹja ṣe máa tó. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹja tí àyè ò gbà, ẹ̀yìn ẹ̀ á wọ́, á máa fi imú gbá gíláàsì nígbà tó bá fẹ́ yí padà, kó tó dọjọ́ tó máa kú láìtọ́jọ́. Lójú odò ńlá, wọ́n ti rí àrọ̀ tó gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Nínú páńdì àwọn tó ń sìn ín tà, bí oúnjẹ bá pé, kílò kan ni láàrin oṣù mẹ́fà. Tiyín nílé ò ní yára tó yẹn, àmọ́ kó tó pé ọdún kan ó ti kọjá fíìtì kan dáadáa. Ẹ lè fi táńkì fíìtì 3 bẹ̀rẹ̀ tó bá ṣì kéré, kẹ́ ẹ sì ti máa tọ́jú owó èyí tó kàn. Èyí tí Alága wà báyìí, fíìtì 6 ni gígùn, fíìtì 3 ni fífẹ̀, fíìtì 2 ni gíga. Fífẹ̀ ẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí ìsàlẹ̀ ló ń gbé, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò gíga, ohun tó nílò ni kó lè yí padà láì ká ara rẹ̀ kò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tó bá kún, ó lé ní 1,000 lítà, ìyẹn ni pé ju tọ́ọ̀nù kan omi lọ, ẹ ò tíì ka gíláàsì, ẹ ò ka iyanrìn. Kì í ṣe nǹkan téèyàn ń gbé sórí tábìlì oníṣẹ́ igi. Irin ni mo ní kí wẹ́dà fi ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀, mo tẹ́ páákó nípọn sí i lórí, mo tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ lé páákó kí gíláàsì má baà jókòó lórí nǹkan tó wú. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé kó wá wo dẹ́kìnnì yín kẹ́ ẹ tó dá a láṣà, èmi ìsàlẹ̀ ni mo wà. Gíláàsì ẹ̀, mìlímítà 12 ni ó kéré jù, pẹ̀lú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ kọjá lókè kó má baà ṣe ikùn. Sílíkónì ẹ̀, ẹ ríi dájú pé kì í ṣe ti ilé ìwẹ̀ tí wọ́n po oògùn apakòkòrò mọ́. Bí owó gíláàsì bá wá pọ̀ jù, ẹ má tìtorí ẹ̀ ra kékeré, ẹ ra táńkì onírọ́bà GeePee, ẹ gé orí ẹ̀, ẹ gbé e sí bàkọ́nì, òkè lẹ ó ti máa wò ó. Ẹja ò mọ̀ pé gíláàsì lẹwà.

Ìdérí wá ńkọ́. Ibí yìí ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ̀sín.

Lọ́dún kejì Alága, páákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo fi bo orí táńkì, mo gbé bíríkì kan lé e lápá kan, mo ní ó ti tó. Lóru ọjọ́ kan òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, tí àrá ń sán, ni mo gbọ́ "gbì!" ní páálọ̀. Olè ni mo rò. Mo tan iná fóònù, mo yọ́ lọ, mi ò rí ẹnì kankan, omi ni mo kàn rí lórí táìsì, ipa kan tó tẹ́ lọ gbọọrọ látẹsẹ̀ táńkì gba ẹ̀yìn sófà kọjá, ó wọ abẹ́ fìríìsà. Mo dọ̀bálẹ̀ mo fi iná wò ó. Alága ló wà níbẹ̀, ó fi ẹ̀gún lẹbẹ àyà ẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀ bí ẹni fi ìgbọ̀nwọ́ rá, eruku, irun orí àwọn ọmọ mi, ọ̀rá bisikíìtì kan lẹ̀ mọ́ ọn níkùn, ó ń wò mí. Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sọnù. Mo ní n fọwọ́ gbé e, ẹ̀gún yẹn ló gún mi látàǹpàkò, ẹ̀gún tó ní eyín bí ayùn ni, ọwọ́ mi wú fún ọjọ́ méjì. Táwẹ́ẹ̀lì tútù ni mo wá dà bò ó kí n tó rí i gbé sínú bàsíà. Mo rọra da omi lé e títí eruku fi kúrò, mo dá a padà, nígbà tó dọjọ́ kejì ó ń jẹun. Tó bá jẹ́ ẹja mìíràn ni, ọ̀rọ̀ ìsìnkú là bá máa sọ.

Bí òjò bá ṣú, àrọ̀ máa ń fẹ́ rìn, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, inú àgbàrá ló ti máa ń gba odò kan bọ́ sí òmíràn. Torí náà, ìdérí tó wúwo, tó ṣeé há, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba inú ẹ̀ wọlé lẹ nílò. Férémù irin àti nẹ́ẹ̀tì onírin ni mo ní kí wẹ́dà bá mi ṣe, mo ní kó fi ibi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó bi mí bóyá ọ̀nì ni mò ń sìn. Ẹ má sì kún omi dé etí o. Ẹ fi bí ínṣì 6 sílẹ̀ láàrin omi àti ìdérí. Tí ò bá ráyè gbé ẹnu síta mí, omi lè pa á, àbí ẹ rò pé eré ni mò ń ṣe ni? Àrọ̀ lè kú sómi.

Ìsàlẹ̀ táńkì, iyanrìn odò tó kúnná ni mo lò, ínṣì kan péré ni mo tẹ́ ẹ. Kì í ṣe ṣáápù sáǹdì tí wọ́n fi ń po kọ́ńkéré, ìyẹn mú, irùngbọ̀n ló fi ń tọ́ nǹkan wò nísàlẹ̀ yẹn, tí ò bá sí irùngbọ̀n bí afọ́jú ni. Kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́ náà, á gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ. Iyanrìn òkun náà ò dáa, iyọ̀ àti ìkarahun wà nínú ẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dà á nù, ẹ tún fọ̀ ọ́, tèmi gbà mí ní odidi ọ̀sán Sátidé kan kí omi ẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan kì í lo iyanrìn rárá, gíláàsì lásán ni wọ́n fi í sí, ó rọrùn láti tọ́jú, mi ò bá wọn jà. Ẹ ra páìpù ínṣì 8, ẹ gé e ní fíìtì 2 àtààbọ̀, ẹ fi sándípépà yọ etí ẹ̀, ilé ẹ̀ nìyẹn, ọ̀sán ni oorun ẹ̀. Ewéko inú omi? Ẹ má dà owó nù, kílẹ̀ tó mọ́ á ti hú gbogbo ẹ̀. Ẹ lẹ bébà dúdú mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì, ẹ má fi iná gbígbóná sí i lórí, ẹ má gbé e sójú fèrèsé, oòrùn á sọ omi di àwọ̀ ewé lọ́sẹ̀ kan.

Ó wá ku omi, òun ni mo máa fi àkókò lé lórí jù, torí òun ló ń pa ẹja tí a ń pè ní "ó kàn kú ni."

Ohun tí ẹja ń tọ̀ àti ohun tó ń gba ibi tó fi ń mí jáde, amóníà ni, májèlé ni. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ amóníà yẹn sọ ọ́ di nitrite, májèlé nìyẹn náà, àwọn mìíràn á tún jẹ nitrite sọ ọ́ di nitrate, èyí tó rọjú díẹ̀. Àwọn kòkòrò yìí ni fílítà, pọ́ńpù kàn ń gbé omi lọ bá wọn ni. Kì í ṣe pé wọ́n wà nínú fílítà tuntun tẹ́ ẹ rà lọ́jà, wọ́n máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Torí náà, ẹ gbé táńkì sílẹ̀, ẹ tan fílítà, ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ kó jẹrà fún wọn jẹ, láìsí ẹja nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ti ní táńkì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ tọrọ fóòmù ìdọ̀tí inú fílítà ẹ̀, ẹ fi sínú tiyín, àìsàn la mọ̀ pé èèyàn ń kó ran ẹnì kejì, àmọ́ èyí, kíkó ràn ire ni. Ẹ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, tó ń kán bí oògùn ojú. Amóníà, òdo. Nitrite, òdo. Nitrate, kó má ju mìlígíráàmù 40 nínú lítà kan lọ. Èmi náà máa ń ṣe "omi yìí mọ́ lójú" tẹ́lẹ̀, amóníà ò ní àwọ̀.

Fílítà ilé ìtajà ò lè gbé ẹja yìí, ìgbẹ́ ẹ̀ pọ̀. Dúrọ́ọ̀mù lítà 120 ni mo gbé sẹ́yìn táńkì. Omi á ṣàn látinú táńkì gba páìpù bọ́ sínú ẹ̀, fóòmù ló kọ́kọ́ máa gba ìdọ̀tí, lẹ́yìn náà àpò nẹ́ẹ̀tì àlùbọ́sà tí mo ká jọ bí ogún, àti ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò onírọ́bà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá mi ṣà, orí ìyẹn làwọn kòkòrò yẹn ń gbé. Pọ́ńpù tó ń gbé bí 4,000 sí 5,000 lítà ní wákàtí kan ló wà nísàlẹ̀ tó ń dá a padà. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí iná bá lọ, omi inú páìpù ìpadà á yípo, á máa fa omi táńkì lọ sínú dúrọ́ọ̀mù, tó bá kún tán á wá máa da sí páálọ̀ yín. Mo ti fi ráàgì tuntun kan kọ́ ọ. Ẹ lu ihò kékeré kan sára páìpù yẹn ní ibi tó wọnú táńkì, bí omi bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ afẹ́fẹ́ á gba ihò yẹn wọlé, fífà náà á dá. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù. Wáyà pọ́ńpù náà, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó yí gòkè wọ inú ẹ̀, kí omi tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀ lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ iná. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọmi, lójoojúmọ́ ayé yín.

Ọ̀rọ̀ NEPA wá. Gbogbo ẹni tó ń sin ẹja níbòmíì ń bẹ̀rù pé ẹja máa kú tí iná bá lọ. Ti àrọ̀ kọ́ ni ká bẹ̀rù, ti kòkòrò inú dúrọ́ọ̀mù ni, àwọn ò lè gbé ẹnu síta mí. Bí omi bá dúró sójú kan láàrin wọn fún wákàtí bíi mélòó kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí kú, inú dúrọ́ọ̀mù á jẹrà, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Wọ́n á wá mú iná dé, gbogbo ilé á pariwo "ọ́ọ̀p NEPA!", pọ́ńpù á tan fúnra ẹ̀, á kó gbogbo májèlé yẹn da sórí ẹja. Ọjọ́ kejì ẹ máa ní "kò sóhun tó ṣe é lánàá." Tèmi, tí iná bá ti lọ ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, mo máa yọ pílọ́ọ̀gì. Tó bá dé, mo kọ́kọ́ máa da omi dúrọ́ọ̀mù nù, mo fi omi táńkì ṣan àpò àlùbọ́sà wọ̀nyẹn, kí n tó tan án. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ ṣàn án o, chlorine ń pa wọ́n. Ẹni tó bá ní ínfátà tàbí sólà, kó so pọ́ńpù kékeré kan mọ́ ọn, kò jẹ iná tó fáànù.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi, ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì. Tèmi tó bí 300 sí 400 lítà, mo fi họ́ọ̀sì fà á jáde fèrèsé sórí ewédú ẹ̀yìnkùlé, ewédú yẹn ń ṣe dáadáa ju ẹja lọ. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí chlorine fò lọ, tàbí kẹ́ ẹ lo oògùn tó ń pa á. Omi bọ̀ọ̀hóòlù ò ní chlorine, àmọ́ bó ṣe ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ afẹ́fẹ́ ò sí nínú ẹ̀, nígbà míì ó kan, nígbà míì ó ní irin tó máa pọ́n bí ìpẹtà, ẹ jẹ́ kó sùn nínú dúrọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí àwọ̀ ẹ̀ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá omi míì.

Oúnjẹ. Àwọn tó ń sìn ín tà fẹ́ kó sanra kíákíá, ẹ̀yin fẹ́ kó pẹ́, ọ̀nà ò pa pọ̀. Oúnjẹ wọn náà la máa rà, Coppens tàbí irú ẹ̀, mìlímítà 2 tó bá kéré, 6 sí 9 tó bá ti dàgbà, àmọ́ ẹ má fún un bí wọ́n ṣe ń fún un. Ọmọ kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Tó bá ti kọjá fíìtì kan àtààbọ̀, ọjọ́ méjìméjì. Alága tó kílò mẹ́ta dín díẹ̀, ìwọ̀n bí 25 gíráàmù ni, ìyẹn ò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Á bẹ̀ yín. Á wá sójú gíláàsì, á fi irùngbọ̀n gbá a, á ṣe bí ẹni tí ò jẹun láti ọdún tó kọjá. Ẹ má dá a lóhùn, àrọ̀ ń puró. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fún un, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dín iná kù, òru ni ọ̀sán ẹ̀. Lọ́sẹ̀, ẹ fi ekòló, edé tútù, tàbí ìgbín tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ dárà. Búrẹ́dì rárá, awọ adìẹ rárá, ìfun màlúù rárá, ọ̀rá ẹran ilẹ̀ máa ń dì sí i nínú. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé àti àlejò, ẹnì kan ti ju ẹran súyà sínú táńkì mi rí pẹ̀lú ata ẹ̀, mo pààrọ̀ omi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà ọyẹ́, omi máa ń tutù láàárọ̀. Bó bá wà láàrin dígírì 25 sí 30, ara ẹ̀ dá ṣáká. Tó bá ti ń sún mọ́ 20, oúnjẹ á sú u, ẹ dín in kù, ẹ má fi tipá fún un.

Ẹja míì tó lè bá a gbé? Ohunkóhun tó bá wọ ẹnu ẹ̀, oúnjẹ ni. Mo ti fi tìlápíà mẹ́ta tó tó àtẹ́lẹwọ́ sí i, ọjọ́ kẹta méjì ló kù, ọjọ́ karùn-ún mo kó èyí tó kù jáde. Ẹ fi òun nìkan sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ má lo nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gún ẹ̀ á há sínú ẹ̀, ẹ ó wá máa fi sísọ́ọ̀sì gé nẹ́ẹ̀tì láàárín òru. Ike ńlá tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ rì sínú omi, kẹ́ ẹ darí ẹja wọnú ẹ̀. Kò ní ìpẹ́, yíyọ̀ ara ẹ̀ yẹn laṣọ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ gbígbẹ tàbí aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún àìsàn. Bí ẹ bá rí ọgbẹ́ tàbí nǹkan funfun bí òwú lára ẹ̀, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sáré lọ ra oògùn. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, ẹ fi iyọ̀ lásán, gíráàmù 2 sí 3 sí lítà kan, ẹ rọra fi sí i láàrin ọjọ́ méjì. Púpọ̀ nínú ohun tí mo ti rí, ìyẹn ti tó o. Oògùn ẹja tó ní kọ́pà tàbí malachite green máa ń le fún ẹja tí ò ní ìpẹ́, ẹ bi dókítà ẹran kẹ́ ẹ tó dà á sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ti ń ronú àtimú kékeré kan dání wálé, ẹ má dán an wò. Gbogbo ẹbí àrọ̀ wà lára ohun alààyè tí òfin Lacey Act sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó wọlé láìní ìwé àṣẹ. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tó ti Éṣíà wá ti sá kúrò nínú páńdì àwọn tó ń sìn ín ní Florida láàrin ọdún 1960 sí 1970, ó ti gba gọ́tà àti kànáàlì ibẹ̀ kan, bó ṣe rá lórí táìsì mi náà ló ṣe rá lójú títì wọn. Ní Brazil, àrọ̀ tiwa yìí gan-an ló bọ́ sódò wọn látinú ilé ìsìnja, tó ń jẹ ẹja oníle. Níbí náà, tó bá sú yín, ẹ má lọ dà á sódò, pàápàá tó bá jẹ́ àdàlù, kí ìran ẹ̀ má baà dàpọ̀ mọ́ tinú odò, kí àìsàn táńkì má sì bá a lọ.

Ẹni tó ní farm ni kẹ́ ẹ gbé e fún, àgbà ẹja tó ní ìlera máa ń wúlò fún wọn láti gba ẹyin tàbí àtọ̀, wọ́n á wo ìdí ẹ̀ wọn á sọ fún yín bóyá akọ ni àbí abo: ti akọ yọ jáde ó ṣe ṣóńṣó, ti abo rí roboto. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ, ẹ má fún un lóúnjẹ láti ọjọ́ kan ṣáájú. Kẹ́ẹ̀gì lítà 50 tẹ́ ẹ gé orí ẹ̀ lẹ máa lò, omi táńkì tó kàn bo ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀ péré, kẹ́ ẹ fi àpò ìrẹsì tó tutù bo ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi okùn dì í, kó lè mí kó má sì lè fò. Ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn, kì í ṣe búùtù, kẹ́ ẹ lè máa gbọ́ "gbọ́ọ́" ẹ̀ lójú ọ̀nà.